Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Wọ Ògìdì

Láràárọ̀, òjò ì báà rọ̀, ọyẹ́ ì báà mú, Andrew Agbeko a máa fi ọṣẹ àti omi fọ fàráńdà ilé rẹ̀ ní Ògìdì. Kì í gbá a, fífọ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á da omi sílẹ̀, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn ha sìmẹ́ńtì náà títí yóò fi máa dán. Bí Tabitha ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ kọjá lọ sí ilé ìdáná, àfi kó dúró kó tọrọ ọ̀nà.

"Haba, Andrew! Ilé ni èyí o, kì í ṣe ọkọ̀."

Andrew á ní ẹni tí kò bá fọ ọkọ̀ rẹ̀, òkun á bá a fọ̀ ọ́. Òkun wo? Láti Ògìdì kí ènìyàn tó dé etí òkun, yóò jókòó nínú mọ́tò títí ìdí á fi kú. Àpáta ló yí ìlú ká, ohun tó sì sún mọ́ òkun jù níbẹ̀ ni odò tí àwọn ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tabitha ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Ọkọ rẹ̀ ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tó lè tún igi tó ti gbó tẹ̀.

Ọmọ Ghana ni Andrew. Keta, ní etí òkun, ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn apẹja. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fa àwọ̀n ní etí òkun Èkó. Àwọ̀n wúwo, ẹja kò pọ̀, ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní Nefi, láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi. Kò mọ̀ pé ogun ń bọ̀. "Bí mo bá mọ̀ ni," ló máa ń wí, "ǹ bá rọra máa fa àwọ̀n mi." Ogun abẹ́lé dé lóòótọ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí ẹnu odò kan ní apá ìlà oòrùn, níbi tí àwọn tó wà lójú omi àti àwọn tó wà létí odò ti ń fi ìbọn kí ara wọn káàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọta ba ọkọ̀ wọn, iná sì sọ. Àpótí ọta ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, ó ti ń rú èéfín. Gbogbo ènìyàn da ojú bolẹ̀, títí kan ọ̀gá wọn. Andrew nìkan ló sáré lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán gbé àpótí náà, ó jù ú sínú omi. Bó ṣe bọ́ sómi báyìí ló bú gbàmù. Omi fò sókè, ó dà lé ọkọ̀ lórí, ó sì bá wọn pa iná náà. Ọwọ́ Andrew méjèèjì bó, àwọn ìka rẹ̀ kò sì padà ká pọ̀ tán mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ akíkanjú, nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó ń rò nígbà tó ń sáré lọ, á ní ẹja ni. Ẹja tí òun pa lánàá ọjọ́ náà, tí òun sá sóòrùn lẹ́yìn àpótí, ni òun fẹ́ lọ mú, àpótí sì dí òun lọ́nà. Ẹja náà jóná ráúráú. Títí di òní, bí ìtàn bá dé ibẹ̀, ẹja yẹn ló máa ń dùn ún ju ọwọ́ lọ. Àwọn ará Ògìdì kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọmọ Ògìdì ni Tabitha, ó sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó tí wọ́n ń gbé àwọn tó gbọgbẹ́ wá. Ọwọ́ Andrew wà nínú báńdéèjì, kò lè mú ṣíbí, nítorí náà Tabitha ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ọwọ́ jinná, kò yé la ẹnu. Tabitha ní òun rí i pé ó ti jinná, òun kàn ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ará Ghana máa lọ sílé wọn, Andrew ti kúrò ní Nefi. Àdúgbò wọn l'Ékòó ń tú, àwọn ènìyàn ń di ẹrù. Andrew wọ aṣọ funfun Nefi rẹ̀, ó fi mẹ́dà sí àyà, ó gbé àga síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń dúró de ẹni tí yóò wá lé e. Kò sẹ́ni tó wá. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú, nítorí ó ti múra gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Tabitha ní ó tó gẹ́ẹ́, kí àwọn máa lọ sílé bàbá òun. Bàbá fún wọn ní ilẹ̀ ìkọ́lé létí agbo ilé, lóde ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Andrew kọ́ ilé sí i, ó kọ́ iṣu gbígbìn, ó ń kọ ebè tó tò bí àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì gbé ibẹ̀ títí irun àwọn méjèèjì fi di òwú.

Bàbá ti kú báyìí, Ọlọ́runlékè, àbúrò Tabitha, ló sì di olórí ẹbí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó kàn fẹ́ràn kí ojú ayé máa wà lára rẹ̀ ni. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ kan tí kì í ti na ọwọ́ sí Andrew pé, "Ẹ wò ó! Àna wa! Akọni ojú omi! Ẹbí wo ló ní irú rẹ̀ láti ibí dé Kàbà?" Andrew á dìde, á kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ní Nefi, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì á ní ìfẹ́ nìyí.

Nígbà òjò tó kọjá ni ibà dá Andrew dùbúlẹ̀. Kì í ṣe ibà ńlá, ṣùgbọ́n ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àjà.

"Tabitha, ibo ni wọn yóò sin mí sí?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, níbi tí bàbá mi wà."

"Ṣé wọ́n á gbà?"

Ohun tó ti ń jẹ Tabitha lọ́kàn tipẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ yá, ó wọ bàtà, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

"Okun o, Lékè," ló kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ògìdì.

"Okun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó sọ ohun tó bá wá. Ọlọ́runlékè gbọ́ ọ tán, ó wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú pátákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ ilé ni yín, àyè yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, àyè tèmi náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àna wa ni ọkọ yín. Ilẹ̀ ìkọ́lé ni Bàbá fún wọn. Ẹni tó bá ti ní ibojì lórí ilẹ̀, ó ti ní ilẹ̀ nìyẹn. Lọ́la, ará Ghana kan á dé, á ní ibojì bàbá òun rèé, kí a fún òun ní tòun."

"Ará Ghana yìí kan náà lo fi ń yangàn níbi ìgbéyàwó."

"Ti ìgbéyàwó nìyẹn."

"Tò. Ibo wá ni kí a sin ín sí?"

"Ibi ìsìnkú gbogbo ìlú ṣáà wà létí títì. Ibẹ̀ tutù."

Etí títì! Tabitha padà sílé pẹ̀lú ìbínú, ó gún iyán bí ẹni ń gún ọ̀tá. Ṣé kí ọkùnrin tó gbé àpótí ọta lọ máa gbọ́ fèrè ọ̀kadà títí ayé? Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú náà, ẹ̀rù ló ń bà á. Kò bẹ̀rù ikú. Ó ń bẹ̀rù kí òun sùn síbì kan, kí Andrew sì sùn síbòmíràn. Láti ìgbà tó ti ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kò tíì fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́jú rí.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Philip, ọmọ ẹ̀gbọ́n Andrew tó wà ní Keta, pè é lórí fóònù. Philip ní bí ọjọ́ bá tó, àwọn á wá gbé e wá sílé. Andrew ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó òun ni òun yóò wà. Philip bínú díẹ̀, ó wá ní kò burú: bí àwọn kò bá lè gbé e wálé, àwọn á fi ohun tí yóò bá lọ ránṣẹ́ sí i, àwọn ará ilé ti fún káfíńtà níṣẹ́. Andrew rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún Tabitha. Lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà kan ní etí òkun Ghana, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe láyé ni wọ́n fi ń gbẹ́ pósí rẹ̀. Apẹja á lọ nínú ẹja, awakọ̀ á lọ nínú mọ́tò. Tirẹ̀ yóò jẹ́ ọkọ̀ ojú omi.

Tabitha fò dìde. "Pósí? Kó wá sílé ẹni tó ń mí? Andrew, o fẹ́ pa wá ni? Ṣé o kò mọ èèwọ̀ agbo ilé wa ni?"

Andrew mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó bá gbé ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Pósí tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà, inú agbo ilé náà ni yóò ti wọlẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n gbé e wá fún. Bí wọ́n bá gbé e jáde padà, yóò wá ẹlòmíràn mú nínú ilé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti máa ń gba pósí àlejò, kì í tilẹ̀ dé ìtòsí ẹnu ọ̀nà. Andrew pe Philip padà pé kó má fi nǹkankan ránṣẹ́. Fóònù kò lọ. Ó tún pè é, obìnrin inú fóònù fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ pósí náà dé, Tabitha àti Andrew ti lọ sí Kàbà láti yẹ ojú Andrew wò. Lọ́rì tó ń bọ̀ wá kó iṣu ló gbé e láti Èkó. Awakọ̀ kò mọ̀ ju pé kí òun wá bàbá Nefi kan ní Ògìdì. Ọlọ́runlékè ló pàdé ní oríta.

"Èmi ni àna rẹ̀," ni Ọlọ́runlékè wí. "Èmi ni olórí ẹbí. Kí lo gbé wá?"

Wọ́n ṣí tapólì tí wọ́n fi bò ó. Ọkọ̀ ojú omi gidi ló yọ: ó funfun, ó ń dán, ìbọn onígi wà níwájú, àsíá Nàìjíríà kékeré wà lẹ́yìn, orúkọ Andrew Agbeko sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó ti rí òkun rí, tó ti rí ìsìnkú ní etí òkun náà, ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́runlékè kò rí èyíkéyìí rí. Ohun tó rí ni ìjọba. Ìjọba ti rántí akọni, ó sì gbẹ́ ère ọkọ̀ rẹ̀ fún un! Ó sáré wọlé, ó wọ agbádá, ó ní kí gbogbo ìlú jáde.

Nígbà tí Tabitha àti Andrew sọ̀ kalẹ̀ nínú tákìsì, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé ọkọ̀ náà lé èjìká, ó ń lọ lórí àwọn ènìyàn bí ẹni pé orí wọn ni omi. Àwọn obìnrin ń jó, wọ́n sì ti rí orin fi sí i:

Akọni dé, ọkọ̀ rẹ̀ dé o,
Omi kò sí, ọkọ̀ wọ̀lú!

Tabitha di apá Andrew mú. Ó mọ ohun tó ń wò. Ó la ẹnu láti pariwo, ó sì rí i pé wọn kò yà sọ́nà ilé òun àti Andrew. Ọlọ́runlékè wà níwájú, ó ń fi apá agbádá darí wọn: "Ibí! Ẹ̀bùn ìjọba kì í wọlé àna. Agbo ilé Bàbá ni ẹ gbé e lọ!"

Tabitha pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Tabitha," Andrew ní, "pósí mi kọ́ nìyẹn?"

"Dákẹ́."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e lọ sí..."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mo ní kí o dákẹ́. Jẹ́ kó wọlé ná."

Ní ẹnu ọ̀nà, Ìyá Cecilia, àbúrò bàbá wọn, ló dúró tòun ti igbá omi. Òun ló dàgbà jù nínú agbo ilé, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n sọ fún un pé àlejò pàtàkì dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó da omi sílẹ̀, ó ní, "Okun o. Ilé lo dé yìí. Bí o ṣe wọlé, o kò ní padà." Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Tabitha ṣe àmín ju gbogbo wọn lọ.

Ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé Ọlọ́runlékè mọ ìgbà tó yẹ kí nǹkan parí? Ó rí i pé òrùlé ọkọ̀ ṣeé ṣí. Ó ṣí i. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, ó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí kékeré kan.

"Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá ọkọ̀!" ló ké. "Success, mú fóònù rẹ!"

Success ni ọmọbìnrin rẹ̀ àbígbẹ̀yìn, tó ń fi fọ́tò gbogbo ayẹyẹ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí Wásáàpù. Bàbá rẹ̀ gun ọkọ̀. Ó jókòó fún fọ́tò kan. Ó wá rò ó pé kí òun kúkú dùbúlẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ká ọwọ́ lé àyà, ó sì di ojú díẹ̀ kí ó lè dà bí ọ̀gá tó ń sinmi.

Andrew kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rọra la àárín èrò kọjá, ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì ṣí fìlà. Àna ni àna ń jẹ́, kò gbàgbé ọ̀wọ̀.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Kí lẹ ń ṣe nínú pósí mi?"

Orin dá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Andrew, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn náà ni eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà gba ẹnu ọ̀nà, ẹni tó fo ọgbà fo ọgbà. Ọlọ́runlékè dìde pẹ̀lú igbe, ó bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá rẹ̀ ti kọ́ ìbọn onígi iwájú ọkọ̀. Ó ń sá lọ, ọkọ̀ ń bá a bọ̀. Ó ti wọ́ ọ dé ìtòsí ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ìyá Cecilia na ọ̀pá dínà.

"Lékè! Má gbé e jáde! Ta ni o fẹ́ kó mú?"

Wọ́n ṣe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ wà láàárín wọn. Ọlọ́runlékè jókòó jìnnà sí i, ó ń fi ọwọ́ nu aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí èèrà wà lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí Ghana. Ìyá Cecilia ní kò ṣeé ṣe. Ọlọ́runlékè ní kí wọ́n dáná sun ún. Ìyá Cecilia ní ta ni yóò kọ́kọ́ ṣá iná náà, ṣé Lékè ni? Ọlọ́runlékè tún fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìgbà náà ni Tabitha sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa ń bẹ̀rù.

"Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má jẹ́ ká da ara wa láàmú. Pósí ti wọlé, kò lè jáde mọ́. Ẹni tí wọ́n gbé e wá fún nìkan ló lè bá a wọlẹ̀ níbí, ẹ sì ní àna kò lè ní ibojì nínú agbo ilé. Etí títì ni wọ́n ní kí ó lọ. Tò. Ẹlòmíràn kan ṣáà ti dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ lónìí. Gbogbo wa rí i. Ó gbà á gẹ́lẹ́."

Gbogbo ojú yí sí Ọlọ́runlékè. Láyé rẹ̀, kò tíì sí ìgbà tó fẹ́ kí ojú kúrò lára òun bí ìgbà yìí.

"Ta ló sọ etí títì?" ló ké. "Mo ní ibẹ̀ tutù ni! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀!"

"Nítorí náà?" ni Ìyá Cecilia wí.

"Nítorí náà, kí àna wa... kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé. Bí ọjọ́ bá tó. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́."

Ìyá Cecilia ní kó lọ wọn ilẹ̀ náà lójú gbogbo ènìyàn kó tó yí ohùn padà. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibojì Bàbá rèé, àyè Tabitha rèé, àyè Ọlọ́runlékè tẹ̀ lé e pẹ̀lú èèkàn tó fúnra rẹ̀ gún sílẹ̀ lọ́dún tó di olórí ẹbí. Ògiri ló wà ní apá kejì Bàbá, nítorí náà àárín èèkàn Ọlọ́runlékè àti àyè Tabitha ni wọ́n lè wá àyè sí. Andrew ta okùn, ó na án, ó tún un nà. Ọkọ̀ náà fẹ̀ nínú, imú rẹ̀ sì gùn. Kò gbà á.

Tabitha rí i bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì, ó sì rí i bó ṣe tún un ṣe kíá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

"Kò burú," ni Andrew wí. "Káfíńtà á gé imú rẹ̀, á dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni, a kì í gba àyè púpọ̀ nílé onílé."

 Andrew ń ká okùn, ó ń ká a lọ́nà tó máa ń gbà ká nǹkan, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, nítorí àwọn ìka kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọlọ́runlékè dúró, ó ń wo ọwọ́ náà. Láti ọdún tí ó ti ń na ọwọ́ sí ọkùnrin yìí lójú agbo, bóyá kò tíì wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó ká agbádá rẹ̀ tó ti ya sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa èèkàn ara rẹ̀ tu. Ó gbé e lọ sí ẹsẹ̀ igi ọsàn lọ́hùn-ún, ó gún un síbẹ̀, ó sì padà wá.

"Ẹ ò ní gé ọkọ̀ akọni," ló wí. Ohùn tíṣà kọ́ nìyẹn. "Ẹ gba ibí yìí, gbogbo rẹ̀. Ọmọ bàbá mi ni yín."

Tabitha ti kó èébú jọ fún àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ etí títì ti wáyé, èébú tó dára, tó ní orí tó ní ìdí. Ó wá a lẹ́nu, kò rí ọ̀kan mú. Omijé ló ń bọ̀.

Andrew dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Etí ọkùnrin yìí ṣì mú, Tabitha mọ̀ ọ́n: ó máa ń gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò láti oko. Síbẹ̀, ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí, ó tẹ̀ síwájú.

"Mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ tún un sọ."

Ọlọ́runlékè tún un sọ.